Ẹ̀rọ Tó Pe Bàbá Àgbà Lórúkọ

Ẹ̀yin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé ẹ̀gbà ló dá yín sílẹ̀, àti ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú ẹni tí ẹ̀gbà dá sílẹ̀, ẹ jókòó tì mí díẹ̀. Ìwé tí mo kà kò pọ̀. Kíláàsì kẹrin ni mo dé ní Ìjẹ̀ṣà-Iṣu tí bàbá mi fi ní kí n wá máa bá ìyá mi ru iṣu lọ sọ́jà. Ṣùgbọ́n mo wà láàyè, orí mi pé, ọwọ́ òsì mi ni mo sì fi ń tẹ ohun tí ẹ ń kà yìí, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn. Ó pẹ́ kí n tó tẹ̀ ẹ́ tán, ṣùgbọ́n mo tẹ̀ ẹ́ tán.

Ọdún tí Bàbá Táyọ̀, ọkọ mi, fi ayé sílẹ̀ náà ni àìsàn yìí dé. Láti ìgbà tí a ti sin ín síwájú ilé wa ní Ìkọ̀lé ni oorun ti kọ̀ mí sílẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, màá gbé àpótí lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè rẹ̀, màá jókòó, màá ròyìn fún un. Màá sọ ẹni tó bímọ àti ẹni tó ra epo tí kò sanwó. Ọ̀rọ̀ mi kò sú u rí nígbà tó wà láyé, mo sì gbà pé kò lè sú u nígbà tí kò sí mọ́.

Nígbà náà ni ìka ọwọ́ ọ̀tún mi bẹ̀rẹ̀ sí í kú tipiri bí ẹni pé mo sùn lé e. Orí a máa fọ́ mi láti ẹ̀yìn ọrùn. Síbí a já bọ́ lọ́wọ́ mi, ẹsẹ̀ ọ̀tún a sì máa wọ́ nílẹ̀. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo ní ìbànújẹ́ ni. Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi: ìbànújẹ́ kì í mú ọwọ́ kan kú kó fi ìkejì sílẹ̀. Bí ẹ bá rí irú èyí, ẹ jẹ́ kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru yín lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ má dúró de ọ̀la.

Ọjọ́ tó dá mi sílẹ̀, epo pupa ni mò ń wọ̀n fún Comfort, ìyàwó Sámúẹ́lì ọlọ́kadà. Ni ìgbákọ bá ṣubú lọ́wọ́ mi, epo dà sí gbogbo ìró rẹ̀.

"Háà, Màmá Táyọ̀! Kí ni mo fi ṣe yín?"

Mo fẹ́ sọ pé kó má bínú. Ohun tó jáde lẹ́nu mi dà bí igbe ewúrẹ́. Comfort wojú mi, ó rí i pé ẹnu mi ti lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ló bá figbe ta. Sámúẹ́lì gbé mi sórí ọ̀kadà, Comfort jókòó sẹ́yìn mi, ó dì mí mú bí ẹni di ẹrù iṣu, ó di ibùdókọ̀. Láti ibẹ̀ ni takisí ti gbé wa lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Ìdó. Aṣọ elépo yẹn ni Comfort wọ̀ di ọjọ́ kejì. Ọlọ́run kò ní gbàgbé rẹ̀.

Wọ́n tọ́jú mi, mo padà sílé, ṣùgbọ́n ọjọ́ àyẹ̀wò kì í tán. Ẹni tó bá ní ẹ̀gbà yóò mọ bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn. Mo rántí gbogbo ẹni tí a jọ ń jókòó. Bísí wà níbẹ̀, tíṣà láti Ọyẹ́, tí ọmọ rẹ̀ máa ń di irun fún un lórí ìlà. Ìyá Dúpẹ́ náà wà níbẹ̀, tó máa ń sùn tó sì máa ń dáhùn sí orúkọ ẹlòmíràn. Bàbá Ògúnlẹ́yẹ láti Ìfisìn ni aláwàdà wa. Ó wò wá lọ́jọ́ kan tí oòrùn ti kúrò lórí wa tó ti bọ́ sẹ́yìn ilé, ó ní, "Wọ́n ní ká tètè dé lówùúrọ̀. Àwa ni a kò béèrè pé òwúrọ̀ ọjọ́ wo." Mo rẹ́rìn-ín tó fi jẹ́ pé itọ́ dà sí mi láyà. Ó fi aṣọ rẹ̀ nù mí, ó ní, "Ẹ ò rí i, ẹnu yín tún ti ń ṣiṣẹ́."

Ní ilé ńkọ́? Kálukú ló ní oògùn tirẹ̀. Àbúrò ọkọ mi ọkùnrin, tí èmi ń pè ní Akọ̀wé, ní àdí àti ewé ni kí wọ́n máa fi pa mí, kí a fi Ìdó sílẹ̀. Àbúrò ọkọ mi obìnrin, Adúmáadán, ní àfiṣe àwọn ọlọ́jà epo ni, àfi kí wọ́n gbé mi lọ sórí òkè àdúrà, kí n má fẹnu kan oúnjẹ. Ìfẹ́ ló ń bá a jà, mo mọ̀. Ìfẹ́ yìí náà ló mú un kó oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, orí sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ mi bí ẹni pé wọ́n ń la igi nínú rẹ̀.

Bàbá Àgbà ló pa ẹnu gbogbo wọn mọ́. Òun ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, olórí ilé wa. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ gbá ilẹ̀, ó ní: "Ẹ gbàdúrà. Ẹ fi àdí pa á, yóò mú ara rẹ̀ dán. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá tún fọwọ́ kan oògùn dókítà, èmi àti onítọ̀hún ni." Bí oògùn ṣe jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì nìyẹn. Owó rẹ̀ kò rọrùn. Táyọ̀ àkọ́bí mi ló ń fi ránṣẹ́ láti Èkó, a sì ta àwọn ohun tí a lè tà.

Láàárín oṣù díẹ̀, mo ti ń fi ọ̀pá rìn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò jáde. Ohun tó dùn mí jù nínú àìsàn yìí nìyẹn, ó dùn mí ju ẹsẹ̀ lọ. Àwọn èèyàn yóò wọlé, wọ́n á kí mi, n kò lè dáhùn, wọ́n á sì yíjú sí ẹlòmíràn. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ mi níṣojú mi bí ẹni pé àga ni mí. "Ṣé ó ti jẹun?" "Ṣé ó ń gbọ́ ohun tí a ń sọ?" Mò ń gbọ́ o! Mo gbọ́ ọjọ́ tí Táyọ̀ sọ fún Akọ̀wé pé bí ọpọlọ Màmá bá ti lọ, òun kò lè fi mí sílẹ̀ ní Ìkọ̀lé, òun yóò kó mi lọ sí Èkó.

Táyọ̀ kì í ṣe ọmọ burúkú. Ilé rẹ̀ l'Ékòó dára, ìyàwó rẹ̀ Fọlákẹ́ sì láájò. Ṣùgbọ́n ta ni n ó máa bá sọ̀rọ̀ láàárọ̀ níbẹ̀? Bàbá Táyọ̀ wà síwájú ilé wa ní Ìkọ̀lé. Bí ẹnu mi kò tilẹ̀ sọ ọ́, inú mi ń ròyìn fún un. Ilé tí èmi àti òun fi ọwọ́ wa pọn omi amọ̀ rẹ̀ nìyẹn. Kí ẹnikẹ́ni tó kó mi kúrò níbẹ̀, mo fẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ bi mí.

Dàpọ̀, ọmọ mi kejì, ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Ìbàdàn. Òun ló gbé ẹ̀rọ náà dé. Pátákó pẹlẹbẹ kan ni, ó fẹ̀ bí àwo tí a fi ń gbé oúnjẹ, bọ́tìnnì ńláńlá ló kún orí rẹ̀. Okùn kan so ó mọ́ kọ̀ǹpútà. Dàpọ̀ ṣàlàyé pé bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan kò ní iṣẹ́ kankan tẹ́lẹ̀, ohun tí èèyàn bá fi rán an ni yóò jẹ́. Bí o bá ní kó béèrè omi, yóò béèrè omi. Àwọn òyìnbó tó ṣe é fi ètò kan sí i tí àwọn bíi Dàpọ̀ lè fi sọ ohun tí bọ́tìnnì yóò ṣe. Ó lẹ àwòrán ife mọ́ ọ̀kan, ó lẹ ti abọ́ mọ́ èkejì. Ọ̀kan wà fún bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀kan wà fún bẹ́ẹ̀ kọ́. Ní ìsàlẹ̀, ó to fọ́tò gbogbo wa, ó sì kọ orúkọ kálukú sínú kọ̀ǹpútà kí ẹni tó bá ń ràn mí lọ́wọ́ lè mọ ẹni tó jẹ́.

Gbogbo ilé péjọ láti wò ó. Wọ́n tan jẹnẹrétọ̀. Dàpọ̀ ní, "Ẹ tẹ ohun tó wù yín, Màmá." Inú mi dùn bí ọmọ tí a ra bàtà fún. Mo wo fọ́tò Bàbá Àgbà, òun náà jókòó níwájú mi gan-an. Mo ní ẹni tó yẹ kí n kọ́kọ́ kí nìyí. Mo tẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀rọ náà sì fi ohùn òyìnbó gbá a jáde, ketekete, ó pe ẹ̀gbọ́n ọkọ mi lórúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́!

N kò ní kọ orúkọ náà síbí. Láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé yẹn ní ìyàwó, n kò fi ẹnu mi pè é rí. Ẹ̀yin tí ẹ mọ àṣà wa mọ̀ pé ìyàwó kì í pe ẹni tó bá nínú ilé ọkọ lórúkọ, ìbáà ṣe ọmọ tó ń rákòò lọ́jọ́ tí wọ́n gbé ìyàwó wọlé. Èmi sì pe olórí ilé bí ẹni tó ń pe ọmọ tó ń lé ẹyẹ lóko!

Bàbá Àgbà wo ẹ̀yìn. Ó ní, "Òyìnbó wo ló mọ̀ mí ní Ìkọ̀lé yìí?" Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Lójú tiwọn, ẹ̀rọ ló sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ìka mi ló rán an níṣẹ́. Ojú tì mí débi pé mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Mo ká ọwọ́ mi sínú aṣọ, n kò sì fọwọ́ kan ìsàlẹ̀ pátákó yẹn mọ́. Dàpọ̀ rò pé ariwo rẹ̀ ló dẹ́rù bà mí, ó sì yí ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

Nígbà tí Táyọ̀ wá, ó jókòó tì mí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó nawọ́ sí fọ́tò Akọ̀wé. "Màmá, ta nìyí? Ẹ tẹ̀ ẹ́." Mo yíjú. Ó nawọ́ sí ti Adúmáadán. "Èyí ńkọ́?" Mo yíjú. Ó nawọ́ sí Bàbá Àgbà, mo tilẹ̀ di ojú mi. Ó wá nawọ́ sí fọ́tò ara rẹ̀, kíá ni mo tẹ̀ ẹ́. Èmi ni mo bí i, kí ló fẹ́ dí mi lọ́wọ́? Omi lé ròrò sójú ọmọ mi. Ó dìde, ó ní, "Dàpọ̀, àwa tí wọ́n bí nìkan ni wọ́n mọ̀ mọ́. Wọ́n ti gbàgbé gbogbo ará ilé. N ó wá gbé wọn."

Èmi! Èmi tí mo mọ orúkọ gbogbo ọmọ tí wọ́n sọ lórúkọ ní àdúgbò wa láti ìgbà tí mo ti dé Ìkọ̀lé!

Ìyá Bọ́sẹ̀, ìyàwó Akọ̀wé, ni Ọlọ́run lò. Òun ni ìyàwó tó wọlé tẹ̀lé mi. Ó wá bá mi di ẹrù Èkó, ẹkún ni ó ń sun. Bó ṣe ń gbá ilẹ̀ yàrá, ìdí ìgbálẹ̀ gbá bọ́tìnnì kan, ẹ̀rọ bá pe orúkọ ọkọ rẹ̀. Ó ju ìgbálẹ̀ nù, ó sì kúnlẹ̀ kó tó mọ ohun tó ń ṣe.

"Yéè! Ta ló ń pe ọkọ mi báyẹn nínú ulé yìí?" Ó wo ẹ̀rọ, ó wò mí. Ó rọra dìde. "Ìyáálé mi, ṣé nítorí èyí lẹ ò ṣe fọwọ́ kàn án?"

Mo fi gbogbo ara tẹ bọ́tìnnì bẹ́ẹ̀ ni. "Yẹs! Yẹs! Yẹs!" N kò jẹ́ kí òyìnbó inú rẹ̀ sinmi.

Ìyá Bọ́sẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, ó jókòó sórí ẹrù Èkó. "Dàpọ̀ o! Dàpọ̀! Ìwọ ọmọ yìí, o fẹ́ sọ ìyá rẹ di aláfojúdi? Ìyàwó wo ni ó pe ọkọ lórúkọ? Ìwé tí o kà yẹn, ṣé ó ti mú ẹ gbàgbé àṣà ilé ìyá ẹ ni?"

Dàpọ̀ sáré wọlé, ó gbé kíbọ́ọ̀dù tí wọ́n fi ń kọ̀wé síwájú mi, èyí tí ẹnikẹ́ni kò rò tẹ́lẹ̀ pé ẹni tó dúró ní kíláàsì kẹrin lè lò. "Màmá, ẹni inú fọ́tò yìí, kí ni ẹ̀yin ń pè wọ́n?" Mo fi ìka òsì kan wá àwọn lẹ́tà tí tíṣà Ìjẹ̀ṣà-Iṣu fi pàṣán kọ́ mi. Ó pẹ́. O. N. I. K. E. K. E. O. G. O. Oníkẹ̀kẹ́-Ògo! Kẹ̀kẹ́ Bàbá Àgbà ló ń dán jù ní gbogbo Ìkọ̀lé lọ́dún tí mo wọlé, orúkọ tí mo fún un nìyẹn. Dàpọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jó láìsí ìlù.

Wàhálà ò tíì tán. Ètò inú ẹ̀rọ náà kò gbà kí bọ́tìnnì wà láìní orúkọ, ohun tí wọ́n bá sì kọ síbẹ̀ ló ń kà. Bí wọ́n bá kọ Oníkẹ̀kẹ́-Ògo, ohùn òyìnbó á wọ́ ọ nílẹ̀, ẹ̀rín ni yóò pani. Dàpọ̀ lọ sí kàfé, ó fi í-méèlì ránṣẹ́ sí àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà. Wọ́n ní àwọn kan tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n máa dá ẹni tó ń fi ètò sínú rẹ̀ lóhùn. Obìnrin tó dáhùn ń jẹ́ Hẹ́lẹ́ẹ̀nì. Dàpọ̀ máa ń ka èsì rẹ̀ sí mi létí ní Yorùbá.

Hẹ́lẹ́ẹ̀nì béèrè pé, "Ṣé ìyá rẹ ò mọ orúkọ ọkùnrin náà ni?"

Dàpọ̀ ní ó mọ̀ ọ́n dáadáa.

"Kí ló dé tí kò fẹ́ pè é? Ṣé wọ́n ń jà ni?"

Dàpọ̀ ní rárá, ó ń bọlá fún un ni.

"Bí oúnjẹ bá délẹ̀, báwo ló ṣe ń pè é wá jẹun?"

Ìyá Bọ́sẹ̀ gbọ́ èyí, ó ní, "Sọ fún un pé a kì í pè é. A máa ń gbé oúnjẹ lọ bá a!"

Lẹ́yìn èyí, Hẹ́lẹ́ẹ̀nì lọ bá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ níbi iṣẹ́ tó kọ ètò náà gan-an. Wọ́n fi ègé ètò kékeré kan ránṣẹ́. Òun ló ya ohun tí a kọ sí bọ́tìnnì sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí yóò jáde lẹ́nu rẹ̀. A wá lè fi ohùn èèyàn sí i. Wọ́n tún kọ́ Dàpọ̀ bí yóò ṣe wá bọ́tìnnì fún àwọn lẹ́tà wa tó ní àmì nísàlẹ̀, èyí tí mo fi ń kọ̀wé lónìí. Hẹ́lẹ́ẹ̀nì ní kí ó bá òun kí mi. Mo tẹ̀ ẹ́ lórí kíbọ́ọ̀dù pé kí ó bi í bí ó bá ti lọ́kọ.

Mo ń tẹ orúkọ kọ̀ọ̀kan, Ìyá Bọ́sẹ̀ ń pè é sínú ẹ̀rọ pẹ̀lú ohùn Èkìtì rẹ̀ tó ń dún bí agogo ṣọ́ọ̀ṣì.

Táyọ̀ kò gba ohun tí Dàpọ̀ ròyìn fún un gbọ́. Ọjọ́ tó gbé mọ́tò dé láti gbé mi, gbogbo ilé jókòó sí pálọ̀ láti dágbére. Ẹrù mi wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo gbé pátákó mi sórí itan, mo tẹ ti àgbà wọn.

"Oníkẹ̀kẹ́-Ògo, ọkọ mi, mo kúnlẹ̀ o. Ẹ kú ulé."

Bàbá Àgbà dìde dúró. Ó pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti pè é bẹ́ẹ̀. Mo tẹ ti Akọ̀wé tẹ̀lé e, mo wá tẹ ti Adúmáadán, bí wọ́n ṣe dàgbà jura wọn. Adúmáadán figbe ta, ó dì mọ́ mi, ó ní kí n dárí oògùn abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ji òun.

Táyọ̀ ò tíì gbà. Ó ní, "Dàpọ̀ ló tò ó bẹ́ẹ̀." Ó ní kí wọ́n pààrọ̀ ìjókòó. Wọ́n pààrọ̀, mo kí wọn, n kò ṣi ẹyọ kan. Ó wo yíká, ó fa ọmọ-ọmọ Akọ̀wé kan síwájú, èyí tí n kò rí mọ́ láti ọjọ́ ìsọmọlórúkọ rẹ̀, tí kò sì sí lórí pátákó. "Èyí ńkọ́, Màmá?"

Èyí ló bá mi nílé ọkọ, èmi kọ́ ni mo bá a, mo lè pè é lórúkọ. Mo fa kíbọ́ọ̀dù. I. B. U. K. U. N.

Ìyá ọmọ náà ní, "Ìbùkún ni lóòótọ́!" Mo tún tẹ orúkọ ìyá ìyá ọmọ náà, ẹni tó sọ ọ́ ní Ìbùkún, kún un, kí ọ̀rọ̀ lè tán.

Táyọ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ńtì, pẹ̀lú ṣòkòtò Èkó. "Màmá, ẹ má bínú. N ò mọ̀ pé ẹ wà níbẹ̀." Mo fi ọwọ́ òsì pa á lórí. Lẹ́yìn náà mo tẹ ohun tí mo ti ń fẹ́ kí wọ́n bi mí láti ọjọ́ yìí: ULE OKO MI NI MO WA. N KO LO EKO.

Bàbá Àgbà kà á, ó ní, "Ẹ ti gbọ́. Ẹ tú ẹrù ìyàwó mi."

Bí mo ṣe wà báyìí nìyí. Mò ń lo oògùn mi ní gbogbo òwúrọ̀, iyọ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ wọ ọbẹ̀ mi. Ọ̀pá ni mo fi ń rìn, mo sì ń dé ọ̀dọ̀ Bàbá Táyọ̀ níwájú ilé. Ọwọ́ ọ̀tún ò tíì padà. Ẹnu ti ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀, mo lè sọ gbólóhùn kúkúrú tí ará ilé gbọ́ dáadáa. Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀, ẹ má yára sọ pé orí rẹ̀ ti lọ. Ẹ bi í, kí ẹ sì ní sùúrù fún ìka rẹ̀.

Bàbá Àgbà ṣì ń yà wá láàárọ̀. Mo máa ń gbìyànjú láti fi ẹnu mi kí i, ó sì máa ń jáde. Yóò gbọ́ ọ tán, yóò ní, "O ṣeun, ìyàwó mi, ara ń le." Lẹ́yìn náà yóò tẹ̀ síwájú, yóò na ìka rẹ̀ gbígbẹ yẹn, yóò fúnra rẹ̀ tẹ fọ́tò ara rẹ̀, yóò sì dúró ṣanṣan kí wọ́n tún kí i.